Níbo ni Hùùù Yìí Gbà Wọlé?

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Òṣogbo tí gbogbo iná ìjọba ní Nàìjíríà ń jíhìn fún. National Control Centre ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ iná tọ̀sán-tòru: èyí tó ń bọ̀ láti Káínjì, láti Jẹ́bà, láti Ṣíróró, láti àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá onígáàsì, àti èyí tí àwọn ìlú ń fà lọ. Nọ́ńbà kan wà tí ojú wọn kì í kúrò lára rẹ̀, 50 ni. Ìgbà 50 ni iná inú wáyà gbọ́dọ̀ lọ kí ó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òfin gíríìdì fàyè sílẹ̀ kí ó yẹ̀ díẹ̀, láti 49.75 dé 50.25. Bí ilé-iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan bá ṣíwọ́ lójijì, nọ́ńbà yìí ni yóò kọ́kọ́ wálẹ̀. Bí wọn kò bá sì tètè rí i dì mú, òkùnkùn ló kàn, láti Ṣókótó dé Kàlàbá.

Ọ̀rọ̀ gíríìdì kọ́ ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ámpilifáyà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ámpilifáyà onífáàfù ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, tí ó fi héèdìfóònù sétí, tí ó sì tàn án fún ìgbà àkọ́kọ́, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ 50 yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kí orin tó dé. Hùùù. Ohùn ìsàlẹ̀ kan tí kì í mí, tí kì í sì í bá orin rìn. Bí orin bá dákẹ́, òun kò ní dákẹ́.

Fáàfù ni ìgò kékeré tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń hàn nínú rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ambrose Fleming ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904. Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, fi irin kẹta kún un ní 1906, irin yìí ló sì jẹ́ kí ó lè sọ ohùn kékeré di ńlá. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ pé wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló wà nínú rẹ́díógírámù onípákó tó máa ń wà ní pálọ̀ àwọn ọlọ́lá, èyí tí a ó tàn tí a ó sì dúró dè kí ó gbóná kí ó tó sọ̀rọ̀. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀ṣà ti gbọ́ I. K. Dairo, olórin ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Tíráńsísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1947, ló padà lé fáàfù kúrò nílé wa. Kò kú ṣá o. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Slovakia, ní Rọ́ṣíà àti ní Ṣáínà títí di òní, àwọn tí etí wọn fẹ́ orin sì ti ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ti héèdìfóònù ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò béèrè ohun púpọ̀. Fáàfù méjì tàbí mẹ́ta tó: ECC82 tàbí ECC88 níwájú, 6080 lẹ́yìn bí ẹni náà bá fẹ́ kí ó lágbára. Tíráńsífọ́mà lè ti inú rẹ́díógírámù tó ti kú jáde. Kàpásítọ̀ àti rẹsísítọ̀ á wá láti ọjà Alaba ní Èkó, tàbí kí wọ́n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ lẹ́ẹ̀dì jó dáadáa lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti ń pẹ́ ni ibi tí a ti fẹ́ kí ó dákẹ́.

Ohun tí mo sì rí ni pé bí ariwo bá ti dé báyìí, ọjà ni a máa ń sáré lọ. A ó ra fáàfù mìíràn. Kò lọ. A ó ra kàpásítọ̀ tó tóbi jù. Kò lọ. A ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, a ó tún un tò, hùùù á sì tún jókòó síbẹ̀ bí onílé. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, «ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀» ni oògùn gbogbo àìsàn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ariwo tó wà nínú ámpilifáyà gba ibì kan wọlé, ó sì ní ohùn tí ó fi ń sọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ́tí. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, ibẹ̀ kì í sábà wà nínú àpótí náà rárá. Ara ògiri ilé ni, níbi tí púlọ́ọ̀gì ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí tí héèdìfóònù fi le ju sípíkà lọ lórí ọ̀rọ̀ ariwo. Sípíkà kékeré orí tábìlì kò lè sọ ohùn 50 síta dáadáa, nítorí náà ó ń bá wa bo àṣírí. Héèdìfóònù kì í bo nǹkan kan. Ó lẹ̀ mọ́ etí, kò sí ariwo ọ̀kadà tàbí ti ọmọdé tí yóò bo hùùù mọ́lẹ̀. Ẹ wo ìṣirò yìí. Héèdìfóònù 32 óòmù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lórí mílíwáàtì kan, bí mílífóòtì 1 péré bá jò sí i, ohùn tó máa jáde á tó nǹkan bíi 55 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí etí máa gbójú fò. Ẹ wá gbé mílífóòtì kan náà fún héèdìfóònù 300 óòmù tí tirẹ̀ jẹ́ 97, kò ní ju 42 lọ; bí ohùn náà bá sì jẹ́ 50, ó ṣeé ṣe kí etí má gbọ́ ọ rárá, torí pé etí ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ já fáfá fún ohùn tó wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Abájọ tí ẹni méjì fi lè máa jiyàn lórí ámpilifáyà kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ń sọ pé ó ń kùn, tí èkejì ń búra pé ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́.

Ó wá kan ohùn náà fúnra rẹ̀. Hùùù pín sí oríṣi méjì, ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á kàn máa ṣe wàhálà lásán ni. Ọ̀kan ń lọ ní 50, èkejì ń lọ ní 100. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ, bíi bàbá tó ń kọ ọ́ nísàlẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kékeré sì ń gbè é lókè. Ibi tí 100 ti ń wá yé ènìyàn: nígbà tí díóòdù bá yí iná AC, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, padà sí DC, èyí tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, ó máa ń ká ìdajì tó yẹ kó lọ sísàlẹ̀ wá sókè, ìgbà 50 á sì di ìgbà 100. Nítorí náà, bí ohun tí a ń gbọ́ bá jẹ́ 100, inú páwà sọ́pùláì ni kí a wò: kàpásítọ̀ tó ti gbẹ, tàbí èyí tó kéré jù. Bí ó bá jẹ́ 50, páwà sọ́pùláì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wáyà tó ń gbé iná lọ sí inú fáàfù kí ó lè gbóná ló fa á, tàbí tíráńsífọ́mà tó ń da agbára òòfà rẹ̀ sára ohun tó wà nítòsí, tàbí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ kò bá dá etí yín lójú, áàpù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù tó ń fi ìró hàn lójú. Ẹ gbé ẹnu fóònù sínú ike héèdìfóònù, yóò fi nọ́ńbà náà hàn yín.

Kàpásítọ̀ ni mo fẹ́ fi ìṣirò tì lẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n ń rà jù. Ká ní ámpilifáyà yín ń jẹ iná 20 mílíáńpù, tí kàpásítọ̀ àkọ́kọ́ sì jẹ́ 100 microfarad. Ìgbì tó kù lórí DC náà máa tó fóòtì 2. Bí kàpásítọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí a yọ nínú ẹ̀rọ ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí ó ti gbẹ títí agbára rẹ̀ fi ṣẹ́ kù sí 20, ìgbì yẹn di fóòtì 10. Ohun tó máa tún un ṣe kì í ṣe kàpásítọ̀ ńlá kan ṣoṣo tí a ná owó gọbọi lé lórí. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 1,000 óòmù kan tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi kàpásítọ̀ 100 mìíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fóòtì 20 ni ẹ máa pàdánù, ṣùgbọ́n ìgbì náà á fi ìlọ́po 60 àti díẹ̀ dínkù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni rẹsísítọ̀.

Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ inú àpótí yìí, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Iná inú ámpilifáyà onífáàfù kì í ṣe iná rédíò oníbátìrì. Fóòtì 200 sí 300 ti DC ni, bí ó bá sì mú ènìyàn, ó lè má jù ú sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé bí a bá tilẹ̀ ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kàpásítọ̀ ṣì lè gbé iná náà pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi rẹsísítọ̀ tí yóò máa fa iná náà gbẹ sára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ fi mítà wò ó títí yóò fi wálẹ̀ sí òdo, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí iná wà lórí rẹ̀, ọwọ́ kan ni kí ó ṣiṣẹ́, kí èkejì wà lápò. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ dá ṣe é láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìtọsẹ̀. Ẹ yí fólúùmù wálẹ̀ pátápátá. Bí hùùù bá lọ pẹ̀lú rẹ̀, a jẹ́ pé iwájú fólúùmù ló ti ń wọlé, láti ara wáyà tó ń bọ̀ láti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ̀yìn fólúùmù ni, ẹ fi ojú ọ̀nà ìwọlé sílẹ̀. Bí ó bá lọ nígbà tí fólúùmù wà nísàlẹ̀ tó sì tún lọ nígbà tó wà lókè pátápátá, ṣùgbọ́n tó ń kùn ní àárín, wáyà tó yí fólúùmù ká ló ń gbọ́ nǹkan. Ẹ lo wáyà tó ní ìbora, kí ẹ so ìbora náà mọ́lẹ̀ ní ẹnu kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ yọ fáàfù iwájú kúrò, kí ẹ tún un tàn. Bí ariwo bá lọ, fáàfù yẹn tàbí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni. Bí kò bá lọ, ẹ̀yìn ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá so iná ìgbóná fáàfù méjì tẹ̀ léra wọn, bí ẹ bá yọ ọ̀kan, èkejì á kú pẹ̀lú, ìdánwò náà kò sì ní sọ òótọ́ fún yín.

Ìdajì-ìdajì ni a ń pín in títí yóò fi ku ibì kan. Nínú gbogbo rẹ̀, a kò tíì ra nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ wáyà ìgbóná fáàfù ni ẹlẹ́bi, àwọn àgbà oníṣẹ́ ti mọ oògùn rẹ̀ láti ayé rẹ́díógírámù. Wọ́n máa ń lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra wọn pinpin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun àpótí, wọn kò ní jẹ́ kó sún mọ́ ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Tíráńsífọ́mà náà ní àṣà tirẹ̀. Kí ẹ tó lu ihò tí ẹ máa fi síkúúrú dè é, ẹ so héèdìfóònù mọ́ tíráńsífọ́mà kékeré tí ohùn ń gbà jáde, bí ẹ bá lo irú rẹ̀, kí ẹ tan tíráńsífọ́mà ńlá nìkan, kí ẹ sì máa yí èyí tó kéré kiri lórí tábìlì. Ibì kan wà tí hùùù á ti rọlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n pa á. Ibẹ̀ ni kí ẹ lu ihò sí. Mo ti rí àpótí tó rẹwà gan-an, tí pákó rẹ̀ ń dán, tí wọ́n ti lu ihò rẹ̀ kí wọ́n tó rántí ṣe ìdánwò yìí. Ẹwà kò dá hùùù dúró.

Ní báyìí, ara ògiri.

Bí ámpilifáyà bá dákẹ́ nígbà tí orin ń bọ̀ láti ara fóònù tó ń lo bátìrì, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nígbà tí a ki ṣájà bọ fóònù náà, tàbí tí a so kọ̀ǹpútà tó wà lórí iná mọ́ ọn, ẹ má ṣe ṣí àpótí. Ẹ́ẹ̀tì ni. Ohun méjì tó wà lórí iná ti ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi so mọ́ ilẹ̀, wáyà ohùn sì ti di ọ̀kan nínú wọn. Iná tó yẹ kó gba ilẹ̀ lọ wá ń gba ojú ọ̀nà orin.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa. Ojú mẹ́ta ni wọ́n ní. Ojú kẹta, èyí tó gùn lókè, ti ẹ́ẹ̀tì ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ojú náà. Nínú òmíràn, wáyà wà ṣùgbọ́n kò dé ibì kankan. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ihò tí a ń fi ìdí bírò tẹ̀ kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé ni, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Àwọn tó ṣe é dáadáa máa ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á kan irin kọ́pà gígùn mọ́lẹ̀, wọ́n á da èédú àti iyọ̀ sí i, wọ́n á sì máa bu omi sí i. Ìdí wà fún omi náà. Nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, iná kì í rọ́nà wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tún ní tirẹ̀: àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbi púpọ̀. Àpáta yẹn ló gbé wúrà pamọ́ tí iṣẹ́ ìwakùsà Segilola fi wà ní agbègbè Ìperíndó, níbi tí wúrà àkọ́kọ́ ti jáde ní 2021. Ohun tó dára fún àwọn awakùsà kò dára fún oníná tó ń kan irin mọ́lẹ̀. Bí irin bá kan àpáta, oníná mìíràn á gé èyí tó ṣẹ́ kù, á sì fi sìmẹ́ńtì bo àṣírí.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí àwọn kan ń kọ́ ara wọn: kí a gé wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò nínú púlọ́ọ̀gì ámpilifáyà, hùùù á lọ. Òótọ́ ni, á lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun búburú ni mo kà á sí. Àpótí irin tó ní iná fóòtì 230 nínú, tí kò so mọ́lẹ̀, tí wáyà kan sì ti ara rẹ̀ lọ sí orí ènìyàn! Bí wáyà kan bá bọ́ nínú tíráńsífọ́mà, orí ẹni tó ń gbọ́ orin ni iná náà máa gbà kọjá. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kò yẹ ní ẹni tí a ń pè ní ọ̀gá. Àpótí gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹ́ẹ̀tì ní tààrà, kò sí àríyànjiyàn. Ilẹ̀ ohùn, ìyẹn wáyà ìsàlẹ̀ tí orin ń lò, ni a lè fi rẹsísítọ̀ 10 óòmù yà sọ́tọ̀ kúrò lára àpótí, kí díóòdù méjì tó lágbára sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò gba ìyà bí nǹkan bá bàjẹ́. Kí gbogbo wáyà ilẹ̀ inú ámpilifáyà sì pàdé ní ojú kan ṣoṣo. Èyí tó ń bọ̀ láti ara kàpásítọ̀ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ bá ti fáàfù iwájú rìn pọ̀, nítorí òun ló ń gbé ìdọ̀tí tó pọ̀ jù.

Oríṣi hùùù kan tún wà tí n kò rí i nínú ìwé òyìnbó, nítorí pé iná wọn kì í ṣe bíi tiwa. Òun ni hùùù ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, ámpilifáyà á dákẹ́. Bí ó bá ti di nǹkan bí aago méje alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti tan iná, tí fírísà ń ṣiṣẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di òru tí àwọn ènìyàn ti sùn, yóò lọ. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ayé. Kò sí ayé nínú rẹ̀, ìṣirò ni.

Ẹni tó kà nípa fáàfù ti gbọ́ pé kí a fi iná DC mú un gbóná kí hùùù má baà wọlé. Ó ra rẹ́gúlétọ̀ 7806, ó so ó mọ́ tíráńsífọ́mà tó ń gbé fóòtì 9 jáde. Rẹ́gúlétọ̀ yìí kò lè dá iná lẹ́kun àyàfi bí ohun tó ń wọ inú rẹ̀ bá tó nǹkan bíi fóòtì 8. Nígbà tí iná ìjọba wà ní 230, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, iná lè lọ sílẹ̀ sí 170. Fóòtì 9 yẹn á di 6.65. Bí díóòdù bá yí i padà, orí rẹ̀ á tó 9.4, díóòdù fúnra wọn á jẹ 1.4 nínú rẹ̀. Ó ku 8 géérégé. Ìgbì orí kàpásítọ̀ á tún máa fà á wálẹ̀ sísàlẹ̀ 8 ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, rẹ́gúlétọ̀ kò sì ní lè bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Hùùù 100 dé nìyẹn, kò sí ohun kan tó bàjẹ́. Tíráńsífọ́mà fóòtì 12 ló yẹ kí ó lò, kí ó sì fi irin tó ń fa ooru sẹ́yìn rẹ́gúlétọ̀ náà, nítorí yóò gbóná gan-an nígbà tí iná bá ga. Ẹni tí kò lo rẹ́gúlétọ̀ rárá kò bọ́ nínú rẹ̀ o: fáàfù tó ń fẹ́ 6.3 fóòtì, bí iná bá wálẹ̀ sí 170, 4.7 ni yóò rí jẹ. Òtútù á mú un, ohùn á rọ, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì ní gùn.

Bí iná bá lọ pátápátá ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí a ń pè ní «ó sàn ju aládùúgbò mi lọ», kì í dúró ní 50. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń sáré, hùùù á gòkè. Bí ẹnìkan bá tan áyọ́ọ̀nù, hùùù á wálẹ̀. Bí ohùn ariwo yín bá ń yí padà bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó ni í. Ìnfátà ló burú jù nínú wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ tí owó rẹ̀ kò ga kì í gbé ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jáde, ó ń ṣẹ́ iná sí wẹ́wẹ́ bí àtẹ̀gùn ilé ni. Igun àtẹ̀gùn wọ̀nyẹn ló máa ń di ariwo tó ń yún etí, tí tíráńsífọ́mà fúnra rẹ̀ á sì máa kùn síta. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe nínú ámpilifáyà tó máa wo èyí sàn tán. Ìnfátà tí ìgbì rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ dúró de iná ìjọba.

Ariwo tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣììì tó wà lókè, bí òjò tó ń rọ̀ lọ́nà jíjìn, díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti fáàfù fúnra rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ yọ rẹsísítọ̀ kábọ́ọ̀nù àtijọ́ tó wà lórí ọ̀nà ohùn, ẹ fi onírin pẹlẹbẹ, metal film, rọ́pò rẹ̀. Tàtàtà nígbà tí ẹ bá ń yí fólúùmù, eruku ni, eruku pupa ilẹ̀ wa kò sì mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tí ó ṣì ń ta, kàpásítọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń jò, DC sì ti ń gba ibẹ̀ wọ inú fólúùmù. Ẹ fi ìdí pẹ́ńsù kan fáàfù jẹ́jẹ́: bí ó bá dún bí agogo nínú etí yín, fáàfù náà ti di màíkì, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìn níbi tí kò ti ní ṣe ìpalára. Dí-dí-dí-dí tó máa ń ṣáájú ìpè fóònù, gbogbo ẹni tó ti gbọ́ rédíò láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001 ló mọ̀ ọ́n. Ìgbà 217 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni fóònù ń ta ìró yẹn. Ẹ gbé fóònù jìnnà, kí ẹ sì fi rẹsísítọ̀ 1,000 óòmù sí ẹnu ọ̀nà fáàfù iwájú, kí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Rẹsísítọ̀ kan náà á ràn yín lọ́wọ́ bí ilé yín bá wà nítòsí òpó rédíò, irú bíi ti ilé-iṣẹ́ rédíò OSBC ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.

Bí mo bá fẹ́ ṣe ìdájọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú hùùù tó ń da àwọn ènìyàn láàmú ní agbègbè yìí kò tọ́ sí fáàfù tàbí ẹni tó to ẹ̀rọ. Oníná tó so ilé náà ló jẹ̀bi, àti onílé tó sọ fún un pé kí ó fi ẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí owó lè dínkù. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti ní Ìbòkun, kí ẹ tó san owó tó kù fún oníná yín, ẹ ní kí ó mú yín dé ibi tó kan irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kí ó sì fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín.